Lílo ìwádìí ìjìnlẹ̀ àti àkọsílẹ̀ gbogboogbò nínú iṣẹ́ ìròyìn

Lílo ìwádìí ìjìnlẹ̀ àti àkọsílẹ̀ gbogboogbò nínú iṣẹ́ ìròyìn ni ọ̀nà tí akọ̀ròyìn ń gbà gbé ìròyìn rẹ̀ ka orí ohun tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò àti ohun tí ìjọba tàbí àjọ mìíràn ti kà tí wọ́n sì kọ sílẹ̀, dípò kí ó gbé e ka orí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ìwádìí ìjìnlẹ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí ń ṣe, tí wọ́n sì ń tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀. Àkọsílẹ̀ gbogboogbò ni àwọn nǹkan bí iye ènìyàn, iye owó ọjà, ètò ìṣúná, èsì ìdìbò àti iye àwọn aláìsàn tí ilé-ìwòsàn tọ́jú. Nígbà tí akọ̀ròyìn bá ń fi kọ̀ǹpútà to irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó ń ṣírò rẹ̀, tí ó sì ń yà á ní àwòrán fún òǹkàwé, iṣẹ́ ìròyìn onídátà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Akọ̀ròyìn tí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláṣẹ tàbí lẹ́nu alátakò rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìyẹ ìwé kankan wò, lè ṣi gbogbo ìlú lọ́nà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà pẹ̀lú lè ṣini lọ́nà bí ẹni tí ó ń lò ó kò bá mọ bí wọ́n ṣe kà á. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ọ̀nà yìí dúró lé: kí ni àkọsílẹ̀ náà sọ? Báwo sì ni àwọn tí ó kọ ọ́ ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìtàn

Lílo àkọsílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ti pẹ́. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn The Manchester Guardian, tí ó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1821 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ tábìlì kan tí ó to orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú Manchester àti Salford, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti iye owó tí wọ́n ń ná lọ́dún. Òǹkàwé lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ètò ẹ̀kọ́ ṣe rí ní ìlú náà.

Ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ni ọ̀nà yìí ti gba agbára tuntun. Ní oṣù Keje ọdún 1967, rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ènìyàn 43 sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀, oríṣiríṣi àlàyé ni àwọn ènìyàn ń ṣe. Àwọn kan ní àwọn tí kò kàwé, tí wọn kò sì ní ìrètí kankan, ni ó da ìgboro rú. Àwọn mìíràn ní àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti gúúsù Amẹ́ríkà dé ni, nítorí pé ìgbé-ayé ìlú ńlá kò tíì mọ́ wọn lára. Philip Meyer, akọ̀ròyìn kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nípa ìlànà ìwádìí àwùjọ ní Yunifásítì Harvard, darapọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn Detroit Free Press àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Michigan láti yẹ àlàyé wọ̀nyí wò. Wọ́n bi àwọn aláwọ̀ dúdú 437 tí ń gbé ní àwọn àdúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn ní ìbéèrè kan náà, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìdáhùn wọn.

Èsì ìwádìí náà tako àlàyé méjèèjì. Àwọn tí ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kópa nínú rògbòdìyàn náà gẹ́gẹ́ bí àwọn tí kò parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn tí a tọ́ dàgbà ní àríwá ni wọ́n sì kópa jù, kì í ṣe àwọn tí ó ti gúúsù wá. Iṣẹ́ ìròyìn lórí rògbòdìyàn yìí mú kí Detroit Free Press gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1968. Meyer kọ ìwé kan tí ó pè ní Precision Journalism ní ọdún 1973, ìwé náà sì di ohun ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akọ̀ròyìn káàkiri àgbáyé.

Ní ọdún 1988, Bill Dedman lo àkọsílẹ̀ tí òfin mú ní dandan fún àwọn báǹkì láti fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Nínú ìwé ìròyìn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ ní ìlú Atlanta, ó fi hàn pé àwọn báǹkì kì í sábà yá àwọn àdúgbò aláwọ̀ dúdú lówó láti ra ilé, bí wọ́n tilẹ̀ ń yá àwọn àdúgbò aláwọ̀ funfun tí owó tí ń wọlé fún wọn dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1989. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìwé ìròyìn The Guardian àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga London School of Economics tẹ̀lé àpẹẹrẹ Detroit: wọ́n fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 270 tí ó kópa nínú rẹ̀ lẹ́nu wò. Ìbínú sí ọ̀nà tí ọlọ́pàá ń gbà bá àwọn ará àdúgbò lò wà lára ohun tí púpọ̀ nínú wọn mẹ́nu bà.

Orísun àkọsílẹ̀ ní Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí NBS ni ó ń kó iye owó ọjà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìṣẹ́, àti ọrọ̀ ajé jọ. Àjọ ìkànìyàn ni ó ń ka àwọn ará ìlú, àjọ náà sì wà lára àwọn tí ń ṣe ìwádìí ńlá lórí ìlera ìyá àti ọmọ, èyí tí ó wáyé ní ọdún 2013 àti 2018. INEC ń gbé àwòrán ìwé èsì láti ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ará ìlú lè wò ó.

Òfin Ẹ̀tọ́ sí Ìsọfúnni, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ó béèrè kò ní láti sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, ilé-iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. Ní ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé òfin yìí de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni náà dìde sí ọ̀rọ̀ yìí. BudgIT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, ń tú ètò ìṣúná ìjọba sí èdè àti àwòrán tí ó yé mẹ̀kúnnù. Dubawa ń yẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn olóṣèlú àti àwọn mìíràn ń sọ wò, Dataphyte sì ń kọ ìròyìn tí ó dá lé àkọsílẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan: iye àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe

Ọ̀rọ̀ iye àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ní Nàìjíríà fi hàn kedere ìdí tí kò fi tó kí akọ̀ròyìn gbé nọ́ńbà kan jáde bí ó ṣe rí i. NBS kéde pé ní oṣù mẹ́ta tí ó parí ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó wà ní ọjà iṣẹ́ ni kò ríṣẹ́ ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àjọ kan náà gbé iye tuntun jáde: ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, ìdá 4.1 péré ni.

Ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rò pé iṣẹ́ ti pọ̀ yanturu láàárín ọdún méjì ó lé díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìṣirò ni ó yí padà. Nínú ìlànà ti tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 láàárín ọ̀sẹ̀ kan wà lára àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe. Nínú ìlànà tuntun, tí ó bá ìlànà Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé mu, ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré ní ọ̀sẹ̀ náà láti rí owó tàbí èrè wà lára àwọn tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gboyè jáde, tí ó wá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta káàdì ìpè fún wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀, tí ó sì ń gba owó díẹ̀. Ní ọdún 2020, aláìríṣẹ́ṣe ni ìwé ìjọba pè é. Ní ọdún 2023, òṣìṣẹ́ ni wọ́n pè é. Síbẹ̀, wákàtí márùn-ún náà ni ó ń ṣe, owó díẹ̀ náà ni ó sì ń gbà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ọ̀kan nínú ìlànà méjèèjì. Ìlànà tuntun mú kí ó ṣeé ṣe láti fi Nàìjíríà wé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ń lo ìlànà kan náà. Ohun tí kò tọ̀nà ni láti fi nọ́ńbà tí ó ti inú ìlànà kan wá wé èyí tí ó ti inú ìlànà mìíràn wá. Olóṣèlú tí ó ní ìjọba òun ti lé àìríṣẹ́ṣe lọ, àti akọ̀ròyìn tí ó tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde láìṣàlàyé, jọ ṣi ará ìlú lọ́nà ni.

Ẹni tí ó bá ka ìwé NBS náà dé inú yóò rí ohun tí ó ju ìdá 4.1 lọ. Ìwé kan náà sọ pé ìdá 75.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ara wọn, àti pé ìdá 92.6 ni ó wà nínú iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ètò, irú èyí tí kò ní ìwé àdéhùn tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn nọ́ńbà yìí ni ó sọ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ṣe ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn, inú wọn sì ni ìròyìn gidi wà.

Ọ̀wọ́ngógó ọjà àti ọdún ìpìlẹ̀

Irú ọ̀rọ̀ kan náà wáyé lórí iye owó ọjà. Ìwọ̀n ọ̀wọ́ngógó tí NBS kéde fún oṣù Kejìlá ọdún 2024 jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ó kéde fún oṣù Kìíní ọdún 2025 jẹ́ ìdá 24.48. Láàárín wọn, àjọ náà ti yí ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ padà láti 2009 sí 2024, ó sì ti tún àkójọ àwọn ọjà tí ó ń wọn iye wọn ṣe kí ó lè bá ohun tí àwọn ènìyàn ń rà lóde òní mu.

Àṣìṣe méjì ni akọ̀ròyìn lè ṣe níbí. Èkíní ni láti sọ pé ọ̀wọ́ngógó já wálẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá láàárín oṣù kan ṣoṣo. Èkejì, tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni láti sọ pé ọjà ti pọ́ọ́kú. Ìdá 24.48 túmọ̀ sí pé àkójọ ọjà tí ènìyàn fi 1,000 náírà rà ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ti di nǹkan bíi 1,245 náírà lẹ́yìn ọdún kan. Owó ọjà ṣì ń lọ sókè. Eré tí ó fi ń lọ sókè ni nọ́ńbà náà ń wọ̀n.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014 pẹ̀lú, NBS yí ọdún ìpìlẹ̀ ọrọ̀ ajé padà láti 1990 sí 2010. Iye gbogbo ọjà àti iṣẹ́ tí Nàìjíríà pèsè ní ọdún 2013 kúrò ní tírílíọ̀nù 42.4 náírà, ó di tírílíọ̀nù 80.2, Nàìjíríà sì di orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Iṣẹ́ bí ìbánisọ̀rọ̀ lórí fóònù àti fíìmù ṣíṣe, tí wọn kò kà dáadáa tẹ́lẹ̀, ni wọ́n wá kà. Kò sí mẹ̀kúnnù kankan tí owó ọwọ́ rẹ̀ di ìlọ́po ní ọjọ́ náà.

Kíka ìwádìí ìjìnlẹ̀

Kí ìwádìí tó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ó lórúkọ, àwọn onímọ̀ mìíràn a máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò yìí ń dín àṣìṣe kù, ṣùgbọ́n kì í mú un kúrò pátápátá. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù ni ti Andrew Wakefield. Ní ọdún 1998, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí náà mú kí àwọn ènìyàn gbà pé abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, tí wọ́n ń fún ọmọdé, ń fa autism. Ọmọ méjìlá péré ni ìwádìí náà dá lé. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn gbé e jáde bí òdodo tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àwọn òbí fòyà, iye ọmọ tí ń gba abẹ́rẹ́ náà sì lọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Akọ̀ròyìn kan náà ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 2004, Brian Deer bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn nínú The Sunday Times pé Wakefield ti gba owó lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò tí ń múra láti pe àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́, láìsọ ọ́ fún àwọn òǹkàwé. The Lancet fagi lé ìwádìí náà ní ọdún 2010. Àwọn ìwádìí ńlá tí ó tẹ̀lé e kò rí ìbátan kankan láàárín abẹ́rẹ́ náà àti autism.

Láti inú irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìbéèrè tí akọ̀ròyìn máa ń bi ìwádìí ti jáde: ènìyàn mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò? Báwo ni wọ́n ṣe yàn wọ́n? Ta ni ó san owó iṣẹ́ náà? Ǹjẹ́ àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀, tí èsì wọn sì bára mu? Ó tún yẹ kí ó ya nǹkan méjì tí ó jọ ń ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára nǹkan tí ó ń fa èkejì. Ní àsìkò òjò, agbòjò a máa pọ̀ ní ìgboro, ibà náà a sì máa pọ̀. Agbòjò kò fa ibà. Òjò ni ó mú àwọn méjèèjì wá, nítorí pé omi tí ó dúró ni ẹ̀fọn fi ń pọ̀ sí i.

Àṣàyàn ènìyàn

Ọ̀pọ̀ ìwádìí kì í bi gbogbo ará ìlú ní ìbéèrè. Díẹ̀ ni wọ́n ń yàn, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́bẹ̀ ṣe ń fi ṣíbí kan tọ́ ìkòkò ọbẹ̀ wò. Ṣíbí kan náà tó bí wọ́n bá ti ro ọbẹ̀ náà pọ̀ dáadáa. Bí iyọ̀ bá wà ní apá kan, irọ́ ni ṣíbí náà yóò pa. Ìdí nìyí tí ìbò orí Facebook, tí ẹni tí ó bá wù ú nìkan dá sí, kò fi lè sọ èrò gbogbo ìlú, bí àwọn tí ó dìbò tilẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Àwọn olùṣèwádìí a máa sọ àlà àṣìṣe èsì wọn. Bí wọ́n bá yan ènìyàn 1,600 lọ́nà tí ó tọ́, àlà náà a máa wà ní nǹkan bí ìdá méjì ààbọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí olùdíje kan bá ní ìdá 41, tí èkejì sì ní ìdá 39, akọ̀ròyìn kò ní ẹ̀rí tí ó fi lè kọ ọ́ pé ẹni àkọ́kọ́ ń ṣíwájú.

Ìpèníjà

Àìsí àkọsílẹ̀ tuntun jẹ́ ìṣòro ńlá. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé ènìyàn 140,431,790 ni ó wà ní Nàìjíríà, tí 9,113,605 nínú wọn sì wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà bẹ́ẹ̀. Iye tí òun fúnra rẹ̀ kà ju mílíọ̀nù 17 lọ. Akọ̀ròyìn tí ó bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tí dókítà kan ń tọ́jú ní Èkó yóò rí ìdáhùn méjì tí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po èkejì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ sọ fún òǹkàwé èyí tí ó lò àti ìdí rẹ̀.

Ìṣòro mìíràn ni pé àkọsílẹ̀ kì í mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ní àkókò àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19, iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà ni àjọ NCDC ń kéde. Níbi tí kò bá ti sí àyẹ̀wò, kò lè sí iye kankan láti kéde. Ìpínlẹ̀ tí iye rẹ̀ kéré lè jẹ́ ibi tí àrùn kò pọ̀ sí, ó sì lè jẹ́ ibi tí àyẹ̀wò kò dé.

Bákan náà, ẹni tí ó bá kó orúkọ tàbí àìsàn àwọn ènìyàn jáde nítorí pé ó rí i nínú ìwé lè ṣe wọ́n ní ibi. Iye àwọn aláìsàn jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogboogbò. Ẹni tí aláìsàn náà jẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ipa ará ìlú

Akọ̀ròyìn tí ó bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa a máa sọ ibi tí ó ti rí nọ́ńbà rẹ̀, ọdún tí wọ́n kà á, àti ìlànà tí wọ́n fi kà á. A sì máa lọ bá àwọn tí nọ́ńbà náà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, nítorí pé tábìlì lè sọ iye àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tó wọn jẹun, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí oúnjẹ fi ń délé.

Òǹkàwé náà ní ipa tirẹ̀. Bí ìròyìn bá sọ pé nǹkan kan lọ sókè tàbí wálẹ̀ lójijì, ó yẹ kí ó wádìí bóyá nǹkan náà ni ó yí padà, tàbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á. Ọ̀pọ̀ ìwé NBS wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, Òfin Ẹ̀tọ́ sí Ìsọfúnni kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: bí akọ̀ròyìn ṣe lè kọ lẹ́tà béèrè àkọsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, àgbẹ̀ àti oníṣòwò lè kọ ọ́.